Òfin Keje, Nípa Àwọn Ẹlẹ́ṣin Tó Pẹ́

3 (apá ìparí)

…pátákó tó wọ́ yẹn gan-an ló sì wá di òkè. Káfíńtà yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó kun ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Òjò ọdún mẹ́fà sẹ́yìn ló bá a gbẹ́ ẹ, lọ́fẹ̀ẹ́. Òkè tí wọ́n tìtorí ẹ̀ jà ní Yúróòpù, ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, kò lè rẹwà tó báyìí.

4

Ohun tó wà lórí tábìlì eré ogun Káfíńtà:

òkè, ọ̀kan
odò (aṣọ búlúù tí ìyàwó rẹ̀ ti ń wá láti ọjọ́ Ẹtì)
ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀, ọgọ́rin, igi ni
ìbọn àgbá, mẹ́fà
ẹlẹ́ṣin, méjìlá, nínú páálí. Wọn ò tíì dé.

5

ÒFIN KEJE, ẹ̀dà kìíní. Àwọn ẹlẹ́ṣin ló yẹ kó wá gba àwọn tó wà lórí òkè sílẹ̀. Ọ̀gágun wọn ṣèlérí pé aago mẹ́jọ àárọ̀ lòun á dé. Irọ́ ni. Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, ẹ ju dáìsì. Àfi tó bá jẹ́ mẹ́fà ni wọ́n tó lè dé.

6

ÌYÀWÓ: Ìwé ogun tí Tíṣà yá yín, ṣé aago mẹ́jọ ló wà níbẹ̀?
KÁFÍŃTÀ: Ìwé ò sọ aago.
ÌYÀWÓ: Ta ló wá sọ ọ́?
KÁFÍŃTÀ: (ó ń fi sánpépà ha ẹṣin)
ÌYÀWÓ: Àbúrò yín ló sọ aago mẹ́jọ. Lọ́jọ́ tá a fẹ́ fi lọ́rì ẹ̀ kó ṣọ́ọ̀bù.
KÁFÍŃTÀ: Aago méjì ló dé. Ogójì pátákó. Òjò ò dá ọ̀kan sí.
ÌYÀWÓ: Ẹni tó bá gbọ́ á rò pé àná ni.
KÁFÍŃTÀ: Àná ni.

7

ÌKÉDE. Láti ọ̀dọ̀ Tíṣà, alága ẹgbẹ́ eré ogun orí tábìlì. Sátidé, aago mẹ́rin, nílé Káfíńtà, a ó dán ogun tuntun tó ṣe wò. Mo ti fi òfin ránṣẹ́ sí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́, àtàwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. A ń wá ẹni tó máa darí ẹlẹ́ṣin. Ẹni mẹ́ta ti kọ̀. Wọ́n ní òfin keje ò láàánú.

8

— Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Mo wọ ẹgbẹ́ lóṣù tó kọjá. Mo ka òfin keje. Èmi nìyẹn.
— Ọ̀gágun kan ní Yúróòpù nìyẹn.
— Táyà ló fọ́ lọ́jọ́ náà.
— Ẹṣin kì í ní táyà.
— Màá wá darí àwọn ẹlẹ́ṣin mi ní Sátidé. Aago mẹ́rin.
— O tún ti bẹ̀rẹ̀.

9

ẹ̀dà kejì: márùn-ún tàbí mẹ́fà.
ẹ̀dà kẹta: mẹ́rin sókè.
ẹ̀dà kẹrin: mẹ́fà nìkan. Ọ̀rọ̀ ti tán.

Ẹni tó bá mọ Káfíńtà mọ̀ pé kì í pa òfin rẹ́. Ó pa eléyìí rẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọjọ́ méjì, ó ní pẹ́ńsù ló ń yọ̀.

10

Àga tó tò: ti Tíṣà. Tiẹ̀. Ọ̀kan tó ní tìmùtìmù. Kò sọ ti ta ni.

11

4:00. Kò dé.
4:10. Tíṣà ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà ní aago ẹ̀ ló ń sáré.
4:25. Wọ́n bẹ̀rẹ̀. Káfíńtà ju dáìsì fún àwọn ẹlẹ́ṣin. Méjì.
4:40. Ọ̀kan. Òkè ti fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

12

Wọ́n kan ilẹ̀kùn.

Ìyàwó dìde.

"Dúró ná," Káfíńtà ní. "A ò tíì jù ú."

Ó ju dáìsì. Kó tó dúró dáadáa, àtẹ́lẹwọ́ ńlá rẹ̀ ti bò ó mọ́ orí pátákó tó wọ́.

Tíṣà na ọrùn.

"Mẹ́fà ni," Káfíńtà ní. Kò gbé ọwọ́.