Ìkòkò Onídìí Dúdú Lódò Àṣùnmọ́

Gbùù, gbùù, gbùù. Báyìí ni Odò Àṣùnmọ́ ṣe máa ń dún bó bá ń já bọ́ láti orí àpáta ní Òkè-Ìrò, ìlú wa, nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Bí a bá ń jẹun, à ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ń nà wá, à ń gbọ́ ọ. Ó ti di ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti wá sí ìlú òyìnbó, n kò sì gbọ́ ọ mọ́, àfi lánàá, nígbà tí mo sùn lọ lórí àga lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, tí mo lá àlá tí mo fẹ́ rọ́ fún yín yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi kí n tó sùn. Láti ọjọ́ mẹ́jọ ni Ìbíwùmí, àbúrò mi obìnrin, ti fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù. Ó ní iléeṣẹ́ kan fẹ́ mọ ògiri dáàmù sé omi Àṣùnmọ́ lórí òkè, pé wọ́n ṣèlérí iná mànàmáná, pé bí ẹbí wa bá ti gbà lọ́jọ́ Ẹtì, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èmi ni àgbà ẹbí. Wọ́n ní bí n kò bá fèsì, a jẹ́ pé mo ti gbà. N kò fèsì. Iná kì í kú níbi tí mo wà. Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ̀rọ̀ odò tí n kò mu omi rẹ̀ mọ́?

Nínú àlá náà, mo bá ara mi létí odò, mo gbé ìkòkò ọbẹ̀ ìyá wa lọ́wọ́. Èèwọ̀ ni lọ́dọ̀ wa: ìkòkò tó ti gun orí iná rí, tí ìdí rẹ̀ ti dúdú, kò gbọdọ̀ kan Àṣùnmọ́. Igbá la fi ń bu omi rẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ mo tì í bọ omi. Ni ìkòkò bá ń tóbi. Ó tóbi títí ó fi dí àárín òkè méjì tí odò gbà kọjá pa, omi dúró, gbùù náà sì dákẹ́. Kò yà mí lẹ́nu. Ibi tí mo máa nu ọwọ́ sí ni mo ń wá.

Omi ń ga sí i. Ó bo oko kòkó, ó bo ilé ìwé, àwọn igi ìrókò sì dúró sínú rẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá ṣe. Ọ́fíìsì kan léfòó wá bá mi, tòun ti kàlẹ́ńdà lára ògiri. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ wọ kóòtù, ó ní kí n jókòó. Bí mo ṣe jókòó ni ọ̀gá náà di òbúkọ. Ẹ sì mọ̀ pé ìran ewúrẹ́ kì í fẹ́ kí omi kan àwọn. Ó fò gun orí tábìlì, ó ń gbọ̀n.

"Bàbá, ẹ ti gbà àbí ẹ ò tíì gbà?"

Mo la ẹnu kí n ní rárá, ohùn kò jáde. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo ti gbà, ó sì jẹ ìwé náà.

Àwọn ẹja àrọ̀ ti tò sẹ́nu ọ̀nà, ẹyin kún inú gbogbo wọn. Èyí tó ṣáájú ṣàlàyé pé ọdọọdún làwọn ń gòkè lọ yé ẹyin nídìí àpáta, pé ìdí ìkòkò kan ló dí ọ̀nà. Ó wo ọwọ́ mi.

"Ìwọ lo gbé e wá?"

Mo ní ìkòkò ìyá mi ni.

"A ò béèrè ẹni tó ni ín."

Ni ọ́fíìsì náà bá gba ẹ̀yìn ìkòkò kọjá, ó sọ mí sórí iyanrìn gbígbẹ nísàlẹ̀ odò. Ìbíwùmí wà níbẹ̀, ọmọ ọdún méje, ṣùgbọ́n irun orí rẹ̀ funfun. Ó ń fi igbá ha iyanrìn. Ó ròyìn fún mi wọ́ọ́rọ́wọ́ pé omi òkè ti di adágún, ìgbín wẹ́wẹ́ tó ń kó àrùn ranni ti gba inú rẹ̀, àwọn ọmọ tó ń wẹ̀ níbẹ̀ ti ń tọ ẹ̀jẹ̀. Pé nísàlẹ̀, ẹ̀fọ́ etídò ti kú tán. Ó dáwọ́ dúró.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ń gbọ́ nǹkan kan?"

Mo tẹ́tí. N kò gbọ́ nǹkan kan.

"Ohun tí mo ń sọ fún yín láti ọjọ́ mẹ́jọ nìyẹn."

Ìkòkò náà wá sọ̀rọ̀ láti òkè. Ó ní ọbẹ̀ lòun mọ̀, pé amọ̀kòkò kò mọ òun fún irú iṣẹ́ yìí, pé ìdí ti ń ro òun, kí ẹni tó gbé òun síbẹ̀ jọ̀ọ́ wá gbé òun. Mo rọ̀ mọ́ ọn, mo ń fà á, òbúkọ náà sì ń ké lórí tábìlì pé mo ti gbà, mo ti gbà.

Mo jí. Ẹsẹ̀ mi tutù. Mo ti gbàgbé ẹ̀rọ omi ilé ìdáná sí ṣíṣí, àkísà tí mo fi ń nu àwo dí ojú ihò síńkì, omi kún un, ó ti ń ṣàn bọ̀ nílẹ̀. Ìkòkò ìrẹsì tó jó mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sàn-án ń fì lórí omi náà, tòun tìdí dúdú rẹ̀. Mo ti ẹ̀rọ náà pa, mo fa àkísà yọ. Omi lọ: gbùù.

N kò tíì nu ilẹ̀ tí mo fi gbé fóònù. N kò kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ohùn ni mo fi ránṣẹ́:

"Ìbíwùmí, má bínú pé mo pẹ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ kò gbà. Jẹ́ kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ohùn mi yìí lọ́jọ́ Ẹtì. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá sọ ibi tí àrọ̀ máa gbà gòkè, kí wọ́n sọ ohun tí àwọn ará ìsàlẹ̀ odò máa mu. Bí o bá ti gbọ́ èyí tán, jọ̀ọ́, gbé fóònù rẹ lọ sétí omi, kí o má sọ nǹkan kan. Jẹ́ kí n gbọ́ ọ."