Ọba Méjì Kò Tó fún Ẹni Mẹ́ta

Oorun ọ̀sán ló gbé mi lọ lánàá, lẹ́yìn tí mo jẹ ẹ̀bà tán, àlá tí mo sì lá, ẹ bá mi gbọ́ ọ.

Èmi àti Láníyonu, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, la jókòó ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń gba ìwé ọkọ̀. Ọ́fíìsì náà léfòó sójú ọ̀run. Ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé Fadérera, ìyàwó mi, dúró sẹ́yìn Láníyonu, ó ń fi fáìlì fẹ́ atẹ́gùn sí i lọ́rùn. Èmi náà sì ń làágùn o!

Póká, tẹ́tẹ́ oníkáàdì, la fẹ́ ta. A jẹ́ mẹ́rin: èmi, Láníyonu, ọ̀gá ọ́fíìsì, àti áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kan tó fi wáyà rẹ̀ di káàdì mú. Ọ̀gá fún kálukú ní káàdì méjì, ó tẹ́ márùn-ún sáàárín tábìlì. Mo yọjú wo tèmi: ọba méjì!

"Má tíì yọ̀," ọba kan sọ látinú káàdì, ó ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n rẹ̀. "Ká ní ẹnì kan péré lò ń bá ta ni, à bá bá ọ nà án. Ẹni mẹ́ta nìwọ̀nyí. Ó ṣòro kí ọ̀kan nínú wọn má ní ohun tó jù wá lọ. Tí wọn ò bá jáwọ́, ju wá sílẹ̀."

"Ẹ ṣeun, kábíyèsí," mo ní.

Ìmọ̀ràn gidi ni. Àmọ́ bí mo ṣe gbójú sókè, Láníyonu sọ nǹkan sétí Fadérera, Fadérera sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín tí mo rò pé èmi nìkan ló ń rín fún!

"Kí lẹ fẹ́ fi ta tẹ́tẹ́ yìí?" ọ̀gá bi mí.

"Ẹ̀rín ìyàwó mi. Gbogbo rẹ̀."

Ọ̀gá kọ ọ́ sílẹ̀, ó lu òǹtẹ̀, ó wá di ewúrẹ́. Ó ní òun ò jáwọ́, ló bá jẹ káàdì ara rẹ̀. Áyọ́ọ̀nù ní òun náà ò jáwọ́. Ọba mi ń pariwo pé kí n ju àwọn sílẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò bò ó lẹ́nu. Láníyonu nìkan ni mo ń wò.

Láníyonu ju káàdì rẹ̀ sílẹ̀. "Èmi jáwọ́ o," ó ní. "Ìwọ rò pé èmi nìkan lò ń bá ta."

Áyọ́ọ̀nù ṣí tirẹ̀: mẹ́sàn-án méjì. Mẹ́sàn-án kan tún wà láàárín tábìlì. Mẹ́ta ju méjì lọ. Fadérera la ẹnu, ohùn kankan ò jáde. Inú áyọ́ọ̀nù ni ẹ̀rín rẹ̀ ti ń dún. Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó dá a padà. Ó ní òun ń gbóná lọ́wọ́, kí n padà wá lọ́jọ́ Ajé.

Ni mo bá jí.

Fadérera ń rẹ́rìn-ín ní ẹ̀yìnkùlé. Inú mi ò tíì dùn tán tí mo fi gbóhùn ọkùnrin. Mo fò jáde láìwọ bàtà. Òun nìkan ló wà níbẹ̀, ó di fóònù mú.

"Ta lọkùnrin yẹn?"

"Bàbá Àṣàkẹ́, ẹ̀yin mà ni! Ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ẹ ṣìnà lọ sí Ìlá."

Ó tún un tẹ̀. Èmi ni lóòótọ́. Mo jókòó tì í, a jọ gbọ́ ọ, ó sì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ká sòótọ́, ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n pa lẹ́rìn-ín jù mí lọ.