Ajá Tó Ní Olówó Méjì

Ọdún kẹtàlá rèé tí Ardith Mayfield ti ń jókòó sídìí kàńtà tí wọ́n ti ń gba ẹranko ní ilé ìtọ́jú ẹranko tí ìjọba ìlú Memphis ń bójú tó. Kò sí irú àwáwí tí etí rẹ̀ ò tíì gbọ́. Onílé ní òun ò fẹ́ ajá. Ọmọ tuntun dé, ológbò ń jowú. Ọkọ ti kó jáde, ìyàwó ò lè dá bọ́ ẹnu mẹ́ta. Nígbà tó kọ́kọ́ débẹ̀, ó máa ń bínú sí wọn. Nígbà tó yá, ó rí i pé ẹni tó mú ẹranko rẹ̀ wá síwájú òun ṣì sàn ju ẹni tó lọ já a jù sẹ́bàá ọ̀nà, ó sì fi ìbínú náà sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Wẹ́sìdé kan, bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Clovis Tarpley wọlé. Ọ̀pá abíyá méjì ló fi ń rìn, torí àìsàn ṣúgà ti mú kí wọ́n gé ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ láti orúnkún. Ó so okùn ajá mọ́ bẹ́líìtì ìdí rẹ̀. Ajá ńlá ni, aláwọ̀ ilẹ̀, kò sì fa bàbá náà rárá. Bí bàbá bá gbé ẹsẹ̀ kan, òun náà á gbé kan.

Ardith ní kó jókòó, ó sì bi í ní ohun tí wọ́n ní kó máa bi gbogbo èèyàn. Bàbá ní Deacon ni ajá ń jẹ́, dókítà ẹranko sọ pé á tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, kò sì bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ọmọbìnrin òun tó wà ní Chicago ló fẹ́ mú òun sọ́dọ̀, àmọ́ ilé tó háyà ò gba ajá tó bá ti ju ológbò lọ. Sátidé lòun ń lọ. Òun ti bẹ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, òun ti bẹ aládùúgbò tọ̀tún tòsì, kò sẹ́ni tó gbà.

Ardith ka ìwé sí i létí, torí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí i láìgbọ́: pé láti òní lọ, ajá ti di ti ìlú, pé bí àyè bá há, tí ẹnikẹ́ni ò sì wá mú un, wọ́n lè gún un lábẹ́rẹ́ kó sùn lọ, kó má jí mọ́. Ajá ńlá tó ti dàgbà kì í tètè rí ẹni mú un. Ó sọ ìyẹn náà fún un. Bàbá gba bírò, ó fọwọ́ sí i.

Ó wá ku ohun kan ṣoṣo. Ardith gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ara ẹranko wò gba ẹ̀yìn ọrùn ajá, ẹ̀rọ sì dún. Ẹnì kan ti fi ohun kékeré tó dà bí hóró ìrẹsì sábẹ́ awọ rẹ̀, nọ́ńbà inú rẹ̀ sì gbé orúkọ olówó ajá jáde sójú kọ̀ǹpútà. Kì í ṣe Tarpley. Joelle Hatcher ni, ilé rẹ̀ ò sì jìnnà sí ti bàbá yìí. Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí obìnrin náà ti fi tó wọn létí pé ajá òun sọnù.

“Ọ̀gbẹ́ni Tarpley,” ni Ardith wí, “níbo lẹ ti rí ajá yìí?”

Bàbá ò parọ́. Ó ní lẹ́yìn ìjì kan ni òun bá a lábẹ́ àtẹ̀gùn ilé òun, tó ń gbọ̀n. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an lòun sin ìyàwó òun.

“Ṣé ẹ wá olówó ẹ̀?”

“Wọ́n lẹ fọ́tò ẹ̀ mọ́ òpó níwájú ilé epo. Mo rí i. Mo ka nọ́ńbà tó wà níbẹ̀.” Ó mí kanlẹ̀. “Mi ò gba iwájú ilé epo yẹn mọ́ títí òjò fi fọ bébà náà dànù.”

Ardith tẹ Joelle láago. Ó sọ fún bàbá pé ó lè máa lọ, pé òun á kàn sọ pé wọ́n rí ajá ni. Òfin ò ní kóun sọ jù bẹ́ẹ̀. Bàbá ò dìde. Kó tó tó wákàtí kan, Joelle dé pẹ̀lú aṣọ nọ́ọ̀sì lọ́rùn, ẹnu iṣẹ́ ló ti sáré wá. Bàbá ro gbogbo ọ̀rọ̀ náà fún un fúnra rẹ̀, kò yọ ti ilé epo kúrò.

“Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọmọ mi nígbà yẹn,” ni Joelle wí. “Gbogbo ìrọ̀lẹ́ la fi ń wa mọ́tò kiri, tó ń yọrí síta, tó ń pe ajá yìí.”

“Mo ṣẹ̀ yín,” ni bàbá wí. “Mi ò ní àwáwí kankan.”

Joelle bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pe ajá náà ní Biscuit, orúkọ tó ń jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ajá na etí, ó lọ bá a, ó ń gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀ títí, ó sì lá a lójú. Lẹ́yìn náà ló padà, ó lọ dùbúlẹ̀ lé ẹsẹ̀ kan tó kù fún bàbá. Ardith yíjú sí ara ògiri.

Joelle bi í nípa ohun tí ajá ń jẹ. Bàbá ní kí wọ́n máa bu omi gbígbóná sí oúnjẹ rẹ̀, torí eyín ń dùn ún. Tí àrá bá ń sán, kí wọ́n ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀ fún un, kí wọ́n sì tan rédíò.

“Àrá ló lé e lọ lọ́jọ́ yẹn,” ni Joelle wí. Ó tún wo ajá náà. “Ẹ máa mú un lọ sílé. Màá wá gbà á láàárọ̀ Sátidé. Ẹ má jẹ́ kí n débẹ̀ kí n má bá yín o.”

Ardith fa ìwé tí bàbá fọwọ́ sí ya, torí èèyàn ò lè fi ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ sílẹ̀ fún ìlú, olówó ajá sì lè fi ajá rẹ̀ sọ́dọ̀ ẹni tó bá wù ú.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, Joelle wá pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù tó wà lórúkọ ajá náà, ó sì sọ bó ṣe lọ. Wọ́n bá bàbá níta lọ́jọ́ Sátidé náà, ó ti wọ kóòtù, ó ti wẹ ajá, ó ti kó abọ́ àti oúnjẹ rẹ̀ sínú àpò. Ọmọ òun, tó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ò kí i. Ó gbé àpò, ó mú ajá wọ mọ́tò, ó sì tilẹ̀kùn. Ajá sunkún títí wọ́n fi délé.

Ardith bi í bóyá ó ti dárí ji bàbá.

“Mi ò tíì mọ̀,” ni Joelle wí. “Mo ṣáà ń fi fọ́tò ajá ránṣẹ́ sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọmọ mi ló ń yà á. Ó ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ fún bàbá pé òun ni.”