Òkúta tí Augustin Fi Ránṣẹ́

Ẹnu mi ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá mọ̀ mí ní Sakété yóò sọ fún yín pé n kì í rí nǹkan kí n má túmọ̀ rẹ̀.

Augustin ló fẹ́ fẹ́ Joséphine àbúrò mi. Oko ọ̀pẹ ìjọba ní Pobè ló ti ń ṣiṣẹ́ kó tó gbọ́ pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa wa ohun àlùmọ́nì tí wọ́n ń pè ní kúróòmù ní Sàró. Ọdún tí a gba òmìnira ni. Ó ní gbogbo ayé ló ń wá nǹkan náà, iṣẹ́ ibẹ̀ kò lè tán láéláé, ọdún méjì péré ni kí àbúrò mi fi dúró de òun. Àwọn méjèèjì kò mọ̀wé, nítorí náà a kò retí lẹ́tà.

Lọ́dún kejì, awakọ̀ kan gbé ẹrù kékeré kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní Mùíbì oníṣòwò aṣọ ló gbé e bọ̀ láti Sàró, àìsàn dá a dúró ní Lomé, ló bá bẹ òun kí òun gbé e dé ọ̀dọ̀ Joséphine. Mo béèrè ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi rán an, ó ní kò sí. Mo tú u. Òkúta dúdú kan ni, ó kéré, ó wúwo bí irin, aṣọ funfun ni wọ́n fi wé e.

Àwọn bàbá wa máa ń pa àrokò. Orúkọ ohun tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ ni a fi ń mọ ìtumọ̀ rẹ̀: owó ẹyọ mẹ́fà, ọkàn mi ń fà sí ọ. Èmi ọ̀mọ̀ràn wo òkúta nínú aṣọ funfun, mo gbọ́ òkú nínú òkúta. Mo ní Augustin ti kú. Joséphine ní kí a dúró de Mùíbì, mo jágbe mọ́ ọn. Mùíbì kò sì dé mọ́, Lomé ló kú sí. Àbúrò bàbá Augustin gbé òkúta náà lọ sí Pobè, ó sin ín sẹ́yìn ilé bí ẹní sin ènìyàn. Joséphine ṣọ̀fọ̀ ọdún kan, lẹ́yìn náà mo rọ̀ ọ́ títí ó fi fẹ́ Bonaventure, àgbẹ̀ kan ní Towé.

Ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn ìyẹn, lọ́sàn-án gangan, Augustin wọlé wa. Ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀, kò tíì dé Pobè rárá. Ó ní wọ́n ti ti ibi ìwakùsà náà pa, kúróòmù ti pọ̀ jù lọ́jà ayé, àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ń tà á lọ́pọ̀, ti Sàró kò tà mọ́. Ó béèrè Joséphine. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ìyá Berthe," ó ní, "mo fẹ́ kó rí ohun tí mò ń wà ni. Òun ló máa ń dán lára ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Mo ní kí Mùíbì sọ fún un pé mo ti ní ilé ní Sàró, kó máa bọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń retí rẹ̀."

Kò bú mi. Ì bá bú mi, ì bá sàn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ó béèrè bóyá ọkọ rẹ̀ ń tọ́jú rẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti bímọ. Ló bá ní kí n má sọ pé òun wá, kí n jẹ́ kí òun kú bẹ́ẹ̀. Ó gbé ẹrù rẹ̀, ó padà gba ọ̀nà Porto-Novo.

Lọ́jọ́ ọjà, Joséphine dé láti Towé, ó pọn ọmọ. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé àwọn rí ẹnìkan tó jọ Augustin nílùú yìí, ṣé òótọ́ ni? Mo ní ènìyàn máa ń jọra.

Ó nu ojú, ó tún ọ̀já ọmọ dì.

"Mo mọ̀," ó ní. "Ì bá wà láyé, ọ̀dọ̀ mi ni ì bá kọ́kọ́ yà."