Ẹnu Ìyá Aránṣọ

Aago mẹ́sàn-án ni ìdánwò, ṣùgbọ́n láti aago méje ààbọ̀ ni Kíákíá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn eyín ti yunifásítì, tó ń yẹ ojú gbogbo ẹni tó bá wọlé wò. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí pé kò mọ bí wọ́n ṣe ń rìn jẹ́jẹ́. Ọdún kẹfà rẹ̀ rèé lẹ́nu ẹ̀kọ́ ìtọ́jú eyín, ìdánwò tó sì kù kì í ṣe ti ìwé àti bírò. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú ẹnì kan wá láti àdúgbò, kó fi eyín tó ṣe fún un sí i lẹ́nu níṣojú àwọn olùkọ́.

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn ará àdúgbò ń gba ìtọ́jú lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ẹnu wọn kọ́ṣẹ́.

Ìyá Aránṣọ ni Kíákíá ń retí, opó ẹni àádọ́rin ọdún tí eyín kan ṣoṣo ò kù sí lẹ́nu. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ìyá náà ti wá. Kíákíá ti fi nǹkan rírọ̀ tẹ erìgì rẹ̀ láti mú ìwọ̀n, ó ti to eyín sórí ìda fún un láti dán wò. Eyín tó parí ti wà nílẹ̀ báyìí, nínú ike omi tó dì mú bí ẹyin.

Aago mẹ́jọ kọjá. Ó pe fóònù ìyá náà, kò lọ. Ó tún un pè. Ó jókòó, ìdí rẹ̀ ò gba ìjókòó. Ó dìde, ẹsẹ̀ ò gba ìdúró.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní, "Ṣé o ò kúkú wá ẹlòmíì?"

"Ṣé fìlà ni, tí màá fi dé ẹlòmíì lórí?" Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ti ń sáré jáde.

Ẹ̀yìn ọgbà yunifásítì ni ṣọ́ọ̀bù ìyá náà wà. Kíákíá rò pé àìsàn ló dá a dúró. Ó rò pé ó ti ṣubú. Nígbà tó débẹ̀, ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ gbayawu, Ìyá Aránṣọ jókòó síwájú ẹ̀rọ, ó ń rán ìdí ṣòkòtò. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń lọ aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ṣé ẹ gbàgbé pé òní ni?"

"Mi ò gbàgbé."

"Àbí ara yín ò yá ni?"

"Ara mi le koko." Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo.

Àbúrò rẹ̀ gbé irin ìlọṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kúkú sọ ọ́ fún un. Ọmọ ọlọ́mọ ń làágùn."

Ìyá Aránṣọ dá ẹ̀rọ dúró. "Lọ́jọ́sí tí mo wá gbẹ̀yìn, ẹ̀yin mẹ́jọ lẹ yí mi ká. Ọ̀jọ̀gbọ́n yín dé, kò kí mi. Ó ti ìka bọ̀ mí lẹ́nu, ó ń sọ èdè ìwé lórí mi, ó ní kẹ́ ẹ wo Nọ́ńbà Keje, bíi pé mi ò lórúkọ. Ẹnì kan sì rẹ́rìn-ín. Ogójì ọdún ni mo ti ń wọn èèyàn láṣọ, mi ò fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rí láì kọ́kọ́ sọ fún un. Ṣé ẹnu mi wá di kòtò ojú ọ̀nà ni?"

Kíákíá wo aago ara ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ ti pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ó lè ní òun ò mọ ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ ọ́n.

"Èmi ni, mà. Ọ̀jọ̀gbọ́n ló dápàárá kan, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹnu yín ṣì là sílẹ̀, iná tí wọ́n fi ń wò ó sì wà lọ́wọ́ mi. Ẹ má bínú."

Kíákíá fa àpótí kan, ó jókòó. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Aago lu mẹ́sàn-án.

"Ìdánwò rẹ ńkọ́?" ni Ìyá Aránṣọ bi í níkẹyìn.

"Ó ti bẹ̀rẹ̀, mà. Tiyín ni eyín yìí, ẹ bá mi lọ tàbí ẹ ò lọ."

Ìyá náà gbọn òwú kúrò lára aṣọ rẹ̀, ó dìde. "Gbé ike rẹ, jẹ́ ká lọ. Má wulẹ̀ fà mí o, orúnkún mi kì í sáré."

Aago mẹ́sàn-án kọjá ogójì ìṣẹ́jú nígbà tí wọ́n wọlé. Ọ̀jọ̀gbọ́n na ọwọ́ sí aago. "Àkókò ti lọ."

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá," ni Ìyá Aránṣọ wí. "Èmi ni Nọ́ńbà Keje."

Ọ̀jọ̀gbọ́n mú káàdì ìyá náà, ó ka orúkọ rẹ̀ tán, ó sì tẹrí ba díẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ dákun, ẹ jókòó."

Kíákíá ń sọ fún un kó tó fọwọ́ kàn án: "Mo fẹ́ mú ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín, mà." Eyín òkè wọlé wọ́ọ́rọ́. Ti ìsàlẹ̀ ń mì díẹ̀.

Wọn ò ka ìdánwò náà fún un. Ó ti pẹ́ dé, òfin lòfin. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin ni yóò tún un ṣe, pẹ̀lú ẹnu ẹlòmíì. Ó sunkún nílé ìwẹ̀, ó bọ́jú.

Nígbà tó yá, Ìyá Aránṣọ ránṣẹ́ pé eyín ìsàlẹ̀ ń gún òun. Kíákíá gbàṣẹ lọ́wọ́ olùkọ́, ó mú fáìlì kékeré, irin tí wọ́n fi ń fá eyín, lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fá a.

"Ó ṣì ń gún."

Ó tún un fá, ó tún un fi sí i.

"Ó ṣì ń gún, níhìn-ín."

Ó fá a títí dé ẹ̀ẹ̀kẹrin. Ìyá náà pa ẹnu dé, ó là á. Lójijì ó yíjú, ó pariwo mọ́ àbúrò rẹ̀ pé irin ń jó aṣọ oníaṣọ, pé ojú rẹ̀ ti fò lọ síta, pé ṣé ó fẹ́ kí wọ́n lé àwọn kúrò ní àdúgbò ni. Ó sọ̀rọ̀ náà títí, kò fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Kíákíá rọra kó fáìlì rẹ̀ sápò.