Túlù Lórí Pápá

Máńgálúrù, létí òkun Íńdíà, ni Bólúwají ti pàdé Yamúnà nígbà tó lọ kọ́ iṣẹ́ apòògùn. Ó fẹ́ ẹ, ó sì mú un wá sílé ní Ìlá. Èdè Túlù tí wọ́n fi tọ́ Yamúnà dàgbà náà ló ń bá Ìyádùnní ọmọ rẹ̀ sọ láti ìkókó.

Nígbà tí ọjọ́ àṣà iléèwé ku ọ̀la, ọ̀gá iléèwé Ìyádùnní ránṣẹ́ pe Yamúnà.

"Ìyá Ìyádùnní, ọmọ yín ni yóò fi Híńdì kí àwọn àlejò."

"Mà, a kì í sọ Híńdì nílé wa. Túlù ni tiwa."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ta ló gbọ́ Túlù rí? Híńdì là ń gbọ́ nínú fíìmù. Ẹ ṣáà kọ́ ọ ní gbólóhùn méjì."

"Mi ò ní kọ́ ọ."

"Ó dáa. Kò ní sọ̀rọ̀ rárá nìyẹn."

Tìbínú-tìbínú ni Yamúnà fi délé. Màmá Mosúnmọ́lá, ìyá ọkọ rẹ̀, ń bó ẹ̀gúsí. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, ó gbé abọ́ sílẹ̀.

"Nígbà tí mo wà n'Íbàdàn, wọ́n fi Ìgbómìnà mi ṣẹ̀fẹ̀ títí mo fi panu mọ́. Ọmọ yìí ò ní panu mọ́."

Lọ́jọ́ kejì, lórí pápá iléèwé, bí àwọn ọmọ tó sọ Haúsá àti Ìgbò ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, Màmá fa ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ gun pèpéle. Ọ̀gá sáré dé.

"Màmá, a ò pè é!"

"Èmi pè é."

Ọ̀gá ní kí wọ́n pa makirofóònù. Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀. Yamúnà dìde láàárín àwọn òbí, ó sì fi Túlù ké sí i pé kó sọ̀rọ̀.

"Solmelu!" ni Ìyádùnní kígbe. "Yenna pudar Ìyádùnní. Yenna base Tulu!"

Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn. Ó tún un wí, ohùn rẹ̀ sì ròkè sí i.

"Kí ló wí?" ni bàbá àgbàlagbà kan béèrè.

Ọmọ náà fi Ìgbómìnà tí Màmá kọ́ ọ dá a lóhùn: ó kí wọn, ó dárúkọ ara rẹ̀, ó dárúkọ èdè ìyá rẹ̀. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Ọ̀gá ò pàtẹ́wọ́.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ránṣẹ́ sí Yamúnà àti ọkọ rẹ̀ pé kí wọ́n wá mú ọmọ wọn kúrò ní iléèwé òun. Bólúwají dìde, ó fẹ́ lọ bẹ̀bẹ̀.

"Kí la ṣe tá a fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún?" ni Yamúnà bi í. Bólúwají tún jókòó.

Wọ́n gbé Ìyádùnní lọ sí iléèwé mìíràn. Láàárọ̀ àkọ́kọ́, ó gbàgbé ìgò omi rẹ̀ sórí ọ̀kadà tí òun àti ìyá rẹ̀ gùn wá. Àwọn tíṣà dúró lẹ́nu géètì, wọ́n ń wò. Yamúnà na ìgò náà sókè, ó sì fi gbogbo ohùn rẹ̀ pe ọmọ rẹ̀ padà ní Túlù.