Ìlérí Nídìí Aró

Ìyá Ẹkúndayọ̀ kò fẹ́ràn Ọlọ́run tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ń sìn, kò sì fi í pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó náà gan-an ló fẹ́ràn. Bí ẹ bá rí i nígbà tí ibà dá Àkànkẹ́ dúbúlẹ̀, bó ṣe ń gbé àgbo káàkiri, tó ń bá gbogbo agbo ilé jà pé ariwo wọn ti pọ̀ jù, ẹ óò rò pé òun ló bí ọmọ náà. Nínú gbogbo ọmọ tó bí, Ẹkúndayọ̀ nìkan ló kù fún un láyé, òun náà sì ti bá àwọn òyìnbó tó ń tẹ́ ojú irin lọ síhà Ìlọrin. Ìyàwó tó fi sílẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń wò tí ara fi ń tù ú.

Ojú irin yìí náà ló kó ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ wọlé. Ẹkúndayọ̀ gbọ́ ìwàásù lẹ́nu àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó gbé e wá sílé ní Ẹdẹ, kí ìyá rẹ̀ sì tó mọ ohun tó ń lọ, òun àti ìyàwó rẹ̀ ti ṣèrìbọmi. Wọ́n sọ Àkànkẹ́ ní Grace. Ìyá Ẹkúndayọ̀ gbìyànjú láti pe orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan, ahọ́n rẹ̀ kọ̀ ọ́. Ó ní òun ò lè máa bá ẹnu òun jà nínú ilé òun, Àkànkẹ́ lòun mọ̀.

Nídìí aró ni ọ̀rọ̀ náà ti wá le. Ẹ̀yìn agbo ilé wọn ni ìdí aró náà wà, àwọn obìnrin púpọ̀ ló ní ìkòkò níbẹ̀, Ìyá Ẹkúndayọ̀ sì ni olórí wọn. Olúkúlùkù ní ìkòkò kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò aró rẹ̀, tó ń fi obì sí fún Ìyá Mọpó, òrìṣà tó ni iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin. Kódà Àwáwù tó ń kírun lójoojúmọ́ ní tirẹ̀. Ó fi apẹ̀rẹ̀ bò ó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Nígbà tí Àkànkẹ́ ti odò ìrìbọmi dé, ó gbé tirẹ̀ jáde. Ọmọ náà kì í ṣe nǹkan ní ìlàjì. Ó gbé ìkòkò obì, ó já ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn ìkòkò náà, ó gbé orù àtijọ́ kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó kó gbogbo rẹ̀ lọ fọ́ sí ààtàn, ó sì padà wálé pẹ̀lú orin lẹ́nu.

Láti ìgbà náà ni aró rẹ̀ ti kọ̀. Ó gún ewé ẹ̀lú, ó sẹ́ omi eérú, ó rẹ ẹ̀lú sínú rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Nígbà tó yẹ kí aró máa hó kó sì máa yọ ìfófó, ńṣe ló dùbúlẹ̀ sínú ìkòkò bí omi ìfọṣọ, ó ń rùn. Aṣọ tó rì bọ̀ ọ́ jáde bí èyí tí wọ́n fi nu ilẹ̀. Ó dà á nù, ó ṣe òmíràn. Òmíràn náà kú.

Ìyá Fátókun, tí ìkòkò tirẹ̀ kángun sí ti Àkànkẹ́, kò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó pe àwọn obìnrin jọ.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dákẹ́," ó ní, "bí Ìyá Mọpó bá ń bá ìkòkò kan jà, ta ló sọ fún yín pé kò ní kan èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Aró ni mo fi ń jẹun o."

Wọ́n sọ ọ́ síwá, wọ́n sọ ọ́ sẹ́yìn. Níkẹyìn wọ́n fẹnu kò pé kí Àkànkẹ́ tún aró ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá tún kú, kó gbé obì fún Ìyá Mọpó, tàbí kó kó ìkòkò rẹ̀ kúrò. Gbogbo wọn mọ ohun tí kíkúrò túmọ̀ sí. Kò sí ìdí aró mìíràn nínú ìlú tó máa gba ẹni tí aró kọ̀, ọmọ náà kò sì mọ iṣẹ́ mìíràn. Ọ̀dọ̀ àwọn bàbá rẹ̀ ní Alájùé ló máa padà sí, kó máa bá wọn ro oko. Ìyá Ẹkúndayọ̀ tó jẹ́ olórí ló ní láti sọ ọ́ jáde lẹ́nu, ó sì sọ ọ́.

Àkànkẹ́ kúnlẹ̀, ó gbọ́ ọ tán. "Ẹ ṣé, Ìyá," ó ní. "Ọlọ́run mi ti ṣèlérí pé òun ò ní fi mí sílẹ̀."

Nígbà tí wọ́n délé, Ìyá Ẹkúndayọ̀ bi í. "Ìlérí tí Ọlọ́run rẹ ṣe yẹn, ó mẹ́nu kan aró níbẹ̀?"

"Rárá, Ìyá. Kò dárúkọ aró. Orúkọ tèmi ló dá."

"Bí aró bá wá tún kú ńkọ́?"

"Bó bá kú, ẹkún ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n kò ní fi mí sílẹ̀ nínú ẹkún ọ̀hún."

Ìyá àgbà ní kó jẹ́ kí àwọn jẹun.

Kò pẹ́ sígbà náà tí Ìyá Ẹkúndayọ̀ lọ da eérú nù ní ààtàn, tó sì rí àkúfọ́ orù kan tí inú rẹ̀ dúdú bí ìsàlẹ̀ ìkòkò ọbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un. Òun fúnra rẹ̀ ló fún Àkànkẹ́ ní orù yẹn nígbà tó wọlé ọkọ, pẹ̀lú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ aró tó ti pẹ́ nínú rẹ̀. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ yìí ni aláró máa ń bù díẹ̀ sínú aró tuntun kó lè jí. Láìsí i, ẹ̀lú kàn máa jẹrà sínú omi ni.

Ọ̀rọ̀ náà wá yé e. Òun ló máa ń bá ìyàwó bù ú sínú aró, nígbàkigbà tó bá sì ń bù ú, oríkì Ìyá Mọpó ló máa ń wà lẹ́nu rẹ̀. Báwo ni ọmọ náà ṣe fẹ́ mọ̀? Ó ti rò pé ara ètùtù ni. Ó ti kó ohun tó ń jí aró dànù mọ́ ohun òrìṣà, ó wá ń bẹ Ọlọ́run.

Ìyá Ẹkúndayọ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rín náà gbẹ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ó rí i pé bí òun bá pa ẹnu mọ́, aró yìí náà máa kú, Àkànkẹ́ yóò sì padà wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun níwájú Ìyá Mọpó bíi ti tẹ́lẹ̀. Ara rẹ̀ ti ń fẹ́ ìyẹn. Àwọn méjèèjì a máa kúnlẹ̀, a máa fọwọ́ gbá ara wọn ní ẹ̀gbẹ́, a máa rẹ́rìn-ín sí Ìyá Fátókun tó máa ń gbàdúrà bí ẹni ń ha igbá. Láti ìgbà ìrìbọmi, òun nìkan ló ń kúnlẹ̀. Ó ju àkúfọ́ náà sílẹ̀, ó lọ sílé, kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Ó dákẹ́ bẹ́ẹ̀ títí aró Àkànkẹ́ fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í rùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń bọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ó gbọ́ ohùn ọmọ náà nídìí ìkòkò. Kò ké, kò pariwo. Ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Bàbá, ìwọ lo sọ ọ́. Èmi kọ́ ni mo sọ ọ́ fún ara mi. Bí mi ò bá tiẹ̀ rí ọ, mo mọ̀ pé o ò purọ́ fún mi."

Ìyá Ẹkúndayọ̀ fara ti ògiri, ó ń gbọ́. Àwọn ọmọ tó bí ṣáájú Ẹkúndayọ̀, gbogbo wọn pátá ni àwọn abọrẹ̀ ṣèlérí fún un pé wọn yóò dúró. Ó bọ gbogbo ohun tí wọ́n ní kó bọ. Ó gba ìlérí náà gbọ́ lórí èyí àkọ́kọ́, ó gbà á gbọ́ lórí èyí tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ náà sì ń kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ bí ẹnu ènìyàn ṣe máa ń korò nígbà tí ẹni tó ṣèlérí bá yẹ̀ ẹ́. Kò fẹ́ kí Àkànkẹ́ mọ̀ ọ́n láyé. Kó padà wá kúnlẹ̀ tàbí kó má padà wá, kò fẹ́ kó mọ̀ ọ́n.

Nígbà tí àwọn obìnrin lọ ọjà, tí Àkànkẹ́ sì lọ pọnmi l'Ọ́ṣun, ó gbé igbá, ó bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tirẹ̀, ó lọ síbi ìkòkò ọmọ náà. Oríkì Ìyá Mọpó sáré dé ẹnu rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ó pa ètè dé mọ́ ọn. Ó mọ̀ pé ọmọ náà kò ní fẹ́ ẹ, ohun tí ọmọ náà kò fẹ́ ni kò sì ní ṣe sí ìkòkò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò mọ bí wọ́n ṣe ń da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ló bá bá Ọlọ́run Àkànkẹ́ wí.

"Ìwọ," ó ní, bó ti ń ro aró náà, "ìwọ lo lọ ṣèlérí fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn? Ó ń pè ọ́, o dákẹ́. Mo ń bá ọ ṣe é o. Má dójú ti ọmọ mi."

"Ìyá."

Àkànkẹ́ ló dúró sẹ́yìn rẹ̀, ìkòkò omi ṣì wà lórí rẹ̀.

"Sọ omi yẹn kalẹ̀ kó tó já lù ọ́," ni Ìyá Ẹkúndayọ̀ wí, bí ẹni pé ọmọ náà ló ṣẹ̀. Ó wá sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ orù àti ọ̀rọ̀ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀, títí kan bí òun ṣe mọ̀ tí òun sì dákẹ́. Kò gbójú sókè nígbà tó dé ibi ìyẹn. "Kò sí ẹbọ nínú rẹ̀. Inú ìkòkò kékeré ni obì máa ń wà, kò wọ inú aró rí. Mi ò sì pe orúkọ ẹnikẹ́ni sí i."

"Mo gbọ́ ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀," ni Àkànkẹ́ wí. Ó kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ ìyá ọkọ rẹ̀ mú, ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ó rán yín sí mi."

"Kò sẹ́ni tó rán mi. Ẹsẹ̀ ara mi ni mo fi wá."

"Mo ní kó má fi mí sílẹ̀, Ìyá. Mo bojú wẹ̀yìn, ta ni mo rí?"

Ìyá Ẹkúndayọ̀ ní kí ọmọ náà dìde, pé ilẹ̀ ń ba ìró rẹ̀ jẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, gbogbo wọn wá dúró yí ìkòkò Àkànkẹ́ ká. Ó ri aṣọ bọ̀ ọ́, ó fà á jáde. Aṣọ náà jáde ní àwọ̀ ewé, gẹ́gẹ́ bí aṣọ aró ṣe máa ń jáde. Afẹ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí, ó ń dúdú, ó ń dúdú, títí gbogbo rẹ̀ fi mú aró dáadáa. Àwáwù lu ọwọ́ pọ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run kó tó rántí pé ìkòkò ẹlòmíràn ni.

Inú Ìyá Ẹkúndayọ̀ ìbá dùn láti dákẹ́, ṣùgbọ́n Àkànkẹ́ ti ní òun kò ní fi irọ́ gbé ibẹ̀. Ó sọ ọ̀rọ̀ orù fún wọn.

"Ìyá ló wá bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tiwọn fún mi," ó ní.

"Ó ti tán," ni Ìyá Fátókun wí. "Kì í ṣe Ọlọ́run rẹ nìyẹn. Ìyá ọkọ rẹ ni."

"Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀," ni Ìyá Ẹkúndayọ̀ wí. "Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó kú, Ìyá Fátókun. Mo rí àkúfọ́ orù, mo dákẹ́. Mo fẹ́ kó kú kó lè padà sọ́dọ̀ mi. Ẹni tó wá gbé mi dìde lórí ìjókòó, mi ò mọ̀ ọ́n. Kì í ṣe Ìyá Mọpó, torí kò sí èrè níbẹ̀ fún un. Ìkòkò ọmọ mi ò kúrò níbí. Ẹ jẹ́ ká máa ṣiṣẹ́."

Wọ́n tú ká sídìí ìkòkò wọn.

Nírọ̀lẹ́, àwọn méjèèjì jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń ká aṣọ tó ti gbẹ. Ọwọ́ Ìyá Ẹkúndayọ̀ dúró.

"Ìlérí tó ṣe yẹn, ìwọ nìkan ló ṣe é fún?"

"Rárá, Ìyá."

"O ní orúkọ rẹ ló dá. Kí ló máa wá pe èmi?"

Àkànkẹ́ wo ilẹ̀. Ìyàwó kì í pe orúkọ ìyá ọkọ rẹ̀, láti ọjọ́ tó sì ti wọlé, orúkọ yẹn kò jáde lẹ́nu rẹ̀ rí. Láti ìgbà tí ìyá tó bí ìyá àgbà náà ti kú, kò tiẹ̀ sẹ́ni tó ń fi pè é mọ́. Ìyá Ọmọ, Ìyá Aláró, Ìyá Ẹkúndayọ̀ nìkan ló ń gbọ́.

"Pè é," ni ìyá àgbà wí. "Mo fún ọ láyè. Sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́ fún ọ."

Àkànkẹ́ gbé aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Àdùkẹ́, èmi ò ní fi ọ́ sílẹ̀."

Ìyá àgbà náà mú aṣọ tó wà lórí itan rẹ̀, ó fi nu ojú, aró tuntun sì bá a lẹ́rẹ̀kẹ́.

"Tún un sọ," ó ní.